Ebi Nínú Wọ́ọ̀dù: Bí Àìtó Nọ́ọ̀sì Ṣe Ń Ṣèdíwọ́ Fún Àyẹ̀wò Ipò Ìjẹun Aláìsàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òwe yìí bá aláìsàn tó wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn mu ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé oògùn tó dára jù lọ kò lè ṣiṣẹ́ bó ti yẹ nínú ara tí kò rí oúnjẹ jẹ. Síbẹ̀, ìwádìí ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti fi hàn pé àìjẹunrekánú ti ń bá ọ̀pọ̀ aláìsàn fínra kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, àti pé àwọn mìíràn nínú wọn tún ń rù sí i lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà wọ́n sí wọ́ọ̀dù.

Àwọn onímọ̀ ìlera fara mọ́ ọn pé ohun àkọ́kọ́ tó lè gba irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ni kí ẹnìkan tètè mọ̀ pé ara rẹ̀ ń jò. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni iṣẹ́ yìí sábà máa ń bọ́ sí. Níbi tí nọ́ọ̀sì kò bá sì ti tó, ó wà lára àwọn iṣẹ́ tó máa ń kọ́kọ́ di àpatì.

Ohun tó ń fa ebi nínú wọ́ọ̀dù

Kì í ṣe òṣì nìkan ló ń fa àìjẹunrekánú láàrin àwọn aláìsàn. Àìsàn fúnra rẹ̀ a máa jẹ ẹran ara. Ibà líle, egbò ńlá, iná tó jó ni àti iṣẹ́ abẹ a máa mú kí ara ná agbára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ní àkókò kan náà tí oúnjẹ kò wu aláìsàn jẹ. Ikọ́ ẹ̀gbẹ, jẹjẹrẹ, àrùn kíndìnrín àti kòkòrò àrùn HIV a máa mú ènìyàn rù kíákíá. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù lè má lè gbé oúnjẹ mì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oògùn kan a máa fa èébì, tàbí kí wọ́n sọ ẹnu di kíkorò.

Ètò ilé ìwòsàn náà a máa dá kún un. Wọ́n lè sọ fún aláìsàn pé kò gbọdọ̀ jẹun nítorí iṣẹ́ abẹ tàbí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá sún iṣẹ́ abẹ náà di ọjọ́ kejì, ààwẹ̀ náà a tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, láìsí ẹni tó ń ka iye oúnjẹ tó ti fò ó.

Nígbà tí ara kò bá rí oúnjẹ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí jó ọ̀rá tó wà nípamọ́, lẹ́yìn náà yóò kọjú sí iṣan. Àwọn iṣan tí a fi ń mí a di aláìlágbára, aláìsàn kò ní lè wúkọ́ dáadáa, àkóràn a sì ráyè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Egbò iṣẹ́ abẹ kò ní tètè jiná. Awọ ara tó wà létí egungun a bó, a sì di egbò àdùbúlẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ara tó ń bá àrùn jà a dín kù. Ẹni tó yẹ kó lo ọjọ́ méje ní wọ́ọ̀dù a lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, owó tí ẹbí yóò san a sì pọ̀ sí i.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí wọ́n bá ti fa omi sí aláìsàn lára, oúnjẹ ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Èrò yìí kò tọ̀nà. Lítà kan omi ṣúgà tí wọ́n sábà máa ń lò, èyí tí ṣúgà rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100, kò ní ju gíráàmù 50 ṣúgà lọ. Agbára tó wà nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 200 kálórì lọ, bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà nílò tó 1,500 sí 2,000 lóòjọ́, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí èròjà amáradàgbà kankan nínú rẹ̀. Omi náà ń gba ẹ̀mí là nígbà tí omi ara bá gbẹ, ṣùgbọ́n kò lè dípò oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1859, Florence Nightingale, obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi ìpìlẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì òde òní lélẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí ìtọ́jú aláìsàn pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn ni ebi ń pa lọ́dọọdún níbi tí oúnjẹ pọ̀ sí, nítorí pé kò sí ẹni tó fara balẹ̀ wo bí wọn yóò ṣe lè jẹ ẹ́. Ó kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe fi oúnjẹ tí aláìsàn kò fọwọ́ kàn sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ títí di àkókò oúnjẹ mìíràn.

Ilé ẹ̀kọ́ tí Nightingale dá sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù ni olóògbé Kofoworola Abeni Pratt ti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní àwọn ọdún 1940. Òun náà ló padà wá di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ńlá UCH, Ìbàdàn. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ pé bíbọ́ aláìsàn jẹ́ ara iṣẹ́ ìwòsàn ti wà nínú ìdálẹ́kọ̀ọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1974, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Charles Butterworth, pariwo síta pé àwọn ilé ìwòsàn ń fi ọwọ́ ara wọn dá ebi sílẹ̀. Ó tọ́ka sí i pé wọn kì í kọ ìwọ̀n àti gíga aláìsàn sílẹ̀, pé wọ́n ń fi omi ṣúgà àti omi iyọ̀ nìkan gbé aláìsàn ró fún ìgbà pípẹ́, àti pé àyẹ̀wò ń gba oúnjẹ mọ́ aláìsàn lẹ́nu. Lẹ́yìn ogún ọdún, ní 1994, àwọn olùwádìí ní ìlú Dundee, ní Scotland, ṣàyẹ̀wò 500 aláìsàn bí wọ́n ṣe ń wọ ilé ìwòsàn. Wọ́n rí i pé àìjẹunrekánú ń bá ìdá 40 nínú 100 wọn fínra, tí ọ̀pọ̀ sì tún rù sí i kí wọ́n tó lọ sílé. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú àbájáde náà ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní àkọsílẹ̀ kankan nípa oúnjẹ nínú fáìlì wọn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe àyẹ̀wò náà

Àyẹ̀wò ipò ìjẹun kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ìlànà tó gbajúmọ̀ jù lọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní MUST, tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní ọdún 2003. Ìbéèrè mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì yóò dáhùn, yóò sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì.

Èkíní ni bóyá ìwọ̀n aláìsàn bá gíga rẹ̀ mu. Wọn yóò fi gíga rẹ̀ ní mítà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, wọn yóò sì fi èsì rẹ̀ pín iye kílò tó wọ̀n. Bí èsì bá ju 20 lọ, kò gba máàkì kankan. Bó bá wà láàrin 18.5 sí 20, ó gba máàkì 1. Bó bá dín ní 18.5, ó gba 2.

Èkejì ni iye tó ti sọ nù nínú ìwọ̀n rẹ̀ láàrin oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà sẹ́yìn láìjẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń dín oúnjẹ kù. Bó bá dín ní ìdá 5 nínú 100, kò sí máàkì. Bó bá jẹ́ ìdá 5 sí 10, máàkì 1 ni. Bó bá ju ìdá 10 lọ, máàkì 2 ni.

Ẹ̀kẹta ni bóyá àìsàn líle ń ṣe é tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi jẹun, tàbí tí kò fi ní lè jẹun, fún ohun tó ju ọjọ́ márùn-ún lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó gba máàkì 2. Ẹni tí àpapọ̀ máàkì rẹ̀ bá jẹ́ òdo kò sí nínú ewu. Ẹni tó ní 1 wà ní àárín, wọn yóò sì máa kọ ohun tó bá jẹ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó bá ní 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà nínú ewu ńlá, ó sì yẹ kí onímọ̀ nípa oúnjẹ rí i.

Àpẹẹrẹ kan yóò jẹ́ kí ó yé ni. Bí ọkùnrin kan tó ga tó mítà 1.70 bá wọn kílò 90 ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, tó sì wọn kílò 80 nísinsìnyí, èsì àkọ́kọ́ rẹ̀ yóò jẹ́ 27.7. Lójú ẹni tó bá rí i, ara rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá, kódà wọ́n lè máa kí i pé ó ti fúyẹ́. Ṣùgbọ́n kílò 10 tó sọ nù jẹ́ ìdá 11 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ àtẹ̀yìnwá, èyí tó fún un ní máàkì 2. Inú ewu ńlá ló wà. Ìdí nìyí tí ojú lásán kò fi tó láti dá ẹni tí ebi ń pa mọ̀, tí ó sì fi yẹ kí wọ́n gbé gbogbo aláìsàn sórí ìwọ̀n.

Níbi tí ìwọ̀n kò bá sí, tàbí tí aláìsàn kò lè dìde, nọ́ọ̀sì lè fi téèpù wọn àárín apá rẹ̀ lókè. Bí àgbàlagbà bá ní apá tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 23.5, ó ṣeé ṣe kí ìwọ̀n rẹ̀ ti kéré jù. Ìbéèrè nípa aṣọ pàápàá wúlò: ṣé ṣòkòtò tàbí bùbá rẹ̀ ti tóbi jù fún un, àbí òrùka ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Fún ọmọdé tó ti pé oṣù mẹ́fà títí di ẹni tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé e kalẹ̀ pé apá tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5 jẹ́ àmì àìjẹunrekánú tó le gan-an, tó nílò ìtọ́jú kíákíá.

Ní ọdún 2006, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NICE, pàṣẹ pé kí wọ́n máa ṣe àyẹ̀wò yìí fún gbogbo aláìsàn bí wọ́n bá ti gbà wọ́n sí wọ́ọ̀dù, kí wọ́n sì máa tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Títún un ṣe yìí ló máa ń nira jù, nítorí pé ibẹ̀ ni iye nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ti ń hàn.

Ìṣọ́ra nínú bíbọ́ ẹni tí ebi ti pa

Kì í ṣe pé kí wọ́n kàn kó oúnjẹ rẹpẹtẹ síwájú ẹni tí kò jẹun fún ọjọ́ pípẹ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun kan tí ebi ti hàn léèmọ̀ kú lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Ìdí ni pé bí oúnjẹ bá dé lójijì, àwọn èròjà bíi phosphate àti potassium a já wálẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn a sì lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Ìlànà NICE sọ pé ẹni tí kò jẹ ohun tó nítumọ̀ fún ohun tó ju ọjọ́ márùn-ún lọ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ju ìdajì oúnjẹ tó nílò lọ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èyí pàápàá nílò nọ́ọ̀sì tó ráyè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kan nọ́ọ̀sì

Dókítà a máa yẹ aláìsàn wò, a sì kọjá lọ. Onímọ̀ nípa oúnjẹ a máa wá bí wọ́n bá pè é. Nọ́ọ̀sì nìkan ló wà ní wọ́ọ̀dù tọ̀sán tòru. Òun ló mọ̀ pé àwo oúnjẹ àárọ̀ padà bó ṣe wá. Òun ló mọ̀ pé ìyá àgbà tó wà ní igun kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu oúnjẹ.

Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì kan bá ní aláìsàn tó pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, yóò kọ́kọ́ ṣe àwọn ohun tí ìjáfara rẹ̀ lè pani lójú ẹsẹ̀: abẹ́rẹ́, oògùn, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, ẹni tí kò lè mí. Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà nì, Beatrice Kalisch, ṣe ìwádìí ní ọdún 2006 lórí àwọn ìtọ́jú tí nọ́ọ̀sì ń fò. Lára ohun tó rí ni bíbọ́ aláìsàn nígbà tí oúnjẹ ṣì gbóná, yíyí aláìsàn padà lórí ibùsùn, àti kíkọ ohun tó jẹ àti ohun tó mu sílẹ̀. Kò sí èyí tó ń pani lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń pani.

Ìwádìí tí Linda Aiken àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2002 fi hàn pé fún ẹnìkọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi kún iye aláìsàn tí nọ́ọ̀sì kan ń tọ́jú, ewu pé kí ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ kú láàrin ọgbọ̀n ọjọ́ ń fi ìdá 7 nínú 100 pọ̀ sí i. Irú iye kan náà ni wọ́n tún rí ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Yúróòpù ní ọdún 2014. Ní ilé ìwòsàn Stafford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìròyìn ìwádìí tí Robert Francis gbé jáde ní oṣù kejì ọdún 2013 sọ bí wọ́n ṣe ń gbé oúnjẹ àti omi síbi tí ọwọ́ aláìsàn kò lè tó, láìsí ẹni tó ràn wọ́n lọ́wọ́, lẹ́yìn tí àwọn alákòóso ti dín òṣìṣẹ́ kù láti fi owó pamọ́.

Bó ṣe rí ní Nàìjíríà

Ìròyìn tí àjọ WHO gbé jáde ní ọdún 2025 sọ pé nọ́ọ̀sì tó wà ní gbogbo àgbáyé ní ọdún 2023 jẹ́ mílíọ̀nù 29.8, àti pé mílíọ̀nù 5.8 ló ṣì kù. Ìdá 78 nínú 100 wọn ló wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ìdá 49 péré nínú 100 ènìyàn àgbáyé ń gbé. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè 55 tí àjọ náà kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní ọdún 2023 pé àìtó òṣìṣẹ́ ìlera ti dé ojú ẹ̀ ní ọ̀dọ̀ wọn.

Ìrìn àjò sí òkè òkun, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní jápa, wà lára ohun tó fà á. Ní ọdún 2023, iye nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà tí orúkọ wọn wà nínú ìwé iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ju 10,000 lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà orílẹ̀-èdè lórí ìrìn àjò àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2025, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, NANNM, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ ọlọ́jọ́ méje, tí wọ́n sì dá a dúró ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ lẹ́yìn ìpàdé pẹ̀lú ìjọba. Gbígba nọ́ọ̀sì púpọ̀ sí i sí iṣẹ́ wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè.

Nítorí èyí, ẹbí ló ń gba apá kan iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ṣe ní ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù ilẹ̀ yìí. Àwọn ló ń gbé kúlà oúnjẹ wá láti ilé, àwọn ló ń bọ́ aláìsàn. Ìfẹ́ ẹbí ń ṣe bẹbẹ, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Ẹni tí ará ilé rẹ̀ jìnnà, tàbí tí owó oògùn ti gbọ́n àpò ẹbí rẹ̀ gbẹ, kò ní ẹni tí yóò gbé oúnjẹ wá. Ẹ̀kọ mímu lásán, láàárọ̀ àti lálẹ́, a máa kún ikùn, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ tún iṣan ṣe. Bí kò bá sí àyẹ̀wò àti àkọsílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò mọ èyí tó yó àti èyí tí ebi ń pa.

Ohun tó ṣeé ṣe

Ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ṣòfin ní ọdún 1999, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004, pé aláìsàn tí nọ́ọ̀sì kan yóò tọ́jú gbọdọ̀ ní òdiwọ̀n. Queensland ní Ọsirélíà ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 2016: aláìsàn mẹ́rin fún nọ́ọ̀sì kan lọ́sàn-án, méje lóru. Ìwádìí ọdún 2021 fi hàn pé ikú àti iye ọjọ́ tí àwọn ènìyàn ń lò ní wọ́ọ̀dù dín kù níbẹ̀, àti pé owó tí wọ́n fi pamọ́ ju ìlọ́po méjì owó tí wọ́n fi gba nọ́ọ̀sì kún un.

Oúnjẹ fúnra rẹ̀ náà ń gba ẹ̀mí là. Ní orílẹ̀-èdè Switzerland, ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2019 lórí 2,088 aláìsàn tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé wọ́n wà nínú ewu sọ pé nínú àwọn tí wọ́n ṣètò oúnjẹ tó bá ara wọn mu fún, ìdá 7 nínú 100 ló kú láàrin ọgbọ̀n ọjọ́, bẹ́ẹ̀ ìdá 10 ló kú nínú àwọn tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ ilé ìwòsàn lásán.

Àwọn ọ̀nà kan wà tí kò ná ni lówó púpọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, atẹ pupa ni wọ́n fi ń gbé oúnjẹ fún ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ láti jẹun, kí gbogbo òṣìṣẹ́ lè dá a mọ̀. Ìwọ̀n kan tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, téèpù, àti àyè fún oúnjẹ nínú fáìlì kò kọjá agbára ilé ìwòsàn ìjọba. Ṣùgbọ́n ìwé tí nọ́ọ̀sì tó ti rẹ̀ kàn fi àmì sí láìwo aláìsàn kò yàtọ̀ sí ìwé tí wọn kò kọ nǹkan sí. Àyẹ̀wò láìsí òṣìṣẹ́ tí yóò ṣe ohun tó bá fi hàn kò lè bọ́ ẹnikẹ́ni.

Títí di ìgbà tí nọ́ọ̀sì yóò fi pọ̀ tó, àwọn ẹbí lè ṣèrànwọ́. Ó yẹ kí wọ́n sọ fún nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ àkọ́kọ́ bí aláìsàn bá ti ń rù, kí wọ́n béèrè pé kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì máa kọ ohun tó jẹ lójoojúmọ́ sílẹ̀. Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín àti mílíìkì wà lára oúnjẹ tó ń tún ara ṣe, bí dókítà kò bá kà wọ́n léèwọ̀ nítorí àrùn kíndìnrín, àtọ̀gbẹ tàbí ìdí mìíràn. Díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀marùn-ún sí mẹ́fà lóòjọ́, sàn ju àwo ńlá kan tí aláìsàn kò lè jẹ tán lọ. Ẹni tí oúnjẹ ń há lọ́fun, tàbí tó ń wúkọ́ bó bá ti ń jẹun, kò yẹ kí ẹbí fi oúnjẹ sí i lẹ́nu kí nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí iṣẹ́ abẹ bá sì sún síwájú, kí wọ́n béèrè lójú ẹsẹ̀ bóyá aláìsàn lè jẹun kí ààwẹ̀ mìíràn tó bẹ̀rẹ̀.